Tener que, deber, hay que: bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó yẹ àti pé ó di dandan ní Spánìṣì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan di dandan àti bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn nímọ̀ràn lédè Spánìṣì. Mi ò ní ya tábìlì kankan sójú bọ́ọ̀dù o, torí tábìlì yẹn wà nínú gbogbo ìwé gírámà, ẹ ti há a sórí, tengo tienes tiene, debo debes debe, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n níbí. Ibi tó ti ń dójú rú ni ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ó yẹ kó lọ rí dókítà, tí ọ̀rọ̀ yín wá ń dún létí ẹ̀ bíi ti ọlọ́pàá tó dá mọ́tò dúró.

Lójú tèmi, ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ wa gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá ká tó dé Spánìṣì. Àtiléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti mọ "must", la ti mọ "should", tá a bá wá dé kíláàsì Spánìṣì a máa ń wá ẹnìkejì wọn, tíṣà náà á sì fún wa, must ni tener que, should ni deber, ó parí. Kò parí o. Spánìṣì ò pín in báyẹn rárá. Nǹkan méjì ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò. Àkọ́kọ́, ta ni wọ́n dárúkọ pé ẹrù náà wà lórí ẹ̀, àbí wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ẹnì kankan? Èkejì, ṣé ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn dúró síbí gan-an ni, àbí wọ́n ti tì í sẹ́yìn díẹ̀ kó má bàa gún èèyàn lójú? Tẹ́ ẹ bá ti mọ méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ kan náà tẹ́ ẹ fi ń pàṣẹ fún ọmọ lẹ máa fi bẹ àgbàlagbà, kò sì ní bínú. Yorùbá tó wà lẹ́nu yín yìí sì máa ràn yín lọ́wọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, pàápàá tá a bá dé ọ̀dọ̀ subjuntivo, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń yí padà tó bá jẹ́ ohun tá a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ la ń sọ, tó máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí àjèjì ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Spéìn, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, bóyá extranjería tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìgbélùú, bóyá ayuntamiento, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tẹ́ ẹ ti fẹ́ fi àdírẹ́sì yín sílẹ̀. Ẹ dé iwájú tábìlì, obìnrin tó wà níbẹ̀ ò gbójú sókè, ó ní "Tiene que pedir cita previa." Ẹ ní láti gba ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá. Ẹ ní ẹ ti gbà á, ẹ fi hàn án lórí fóònù, ó ní "Tiene que traer el original y la fotocopia." Ẹ kó fotokópì jáde, ó wò ó, ó ní "Tiene que firmar aquí." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ tiene que fún yín, kò sì sí ìbínú kankan nínú ẹ̀, torí tener que kì í sọ pé èmi ni mo ń fi agbára mú ẹ, ohun tó ń sọ ni pé bí nǹkan ṣe rí nìyẹn, òfin ni, ipò ni, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀rọ̀ náà: tener ni "ní", bíi kéèyàn ní owó, kéèyàn ní ọmọ. Tengo que ir, mo ní láti lọ. "Ní láti" náà nìyẹn, Yorùbá àti Spánìṣì ló fi ọ̀rọ̀ ohun ìní ṣe é, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ gba Lọ́ńdọ̀n kọjá kẹ́ ẹ tó dé Madrid.

Tiene ló sọ, kì í ṣe tienes, torí usted ló ń pè yín, ìyẹn "ẹ" tiwa. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ o: "ẹ" tiwa, èèyàn púpọ̀ la fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, usted ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe ẹnì kẹta ni wọ́n máa ń fún un, bí ẹni pé ẹnì kan tí ò sí níbẹ̀ lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ní Spéìn lónìí àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo èèyàn di tú, ìyẹn "ìwọ", àmọ́ ní Kòlóḿbíà, ní àwọn ibì kan, ọkọ àti ìyàwó lè máa pe ara wọn ní usted, kó má yà yín lẹ́nu. Ní Ajẹntínà ẹ̀wẹ̀, vos ni wọ́n ń lò dípò tú, tenés que ni wọ́n máa sọ, ohùn máa dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá dàgbà ju tiyín lọ, tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi usted bẹ̀rẹ̀, tó bá fẹ́ tú yóò sọ fún yín fúnra ẹ̀.

Ká padà sí ọ́fíìsì yẹn. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà rí i pé ẹ kàn dúró lásán, ó ní "Hay que sacar número." Ṣé ẹ rí i pé kò dárúkọ yín? Kò ní "ẹ lọ gba nọ́ńbà", kò ní ẹ̀yin lẹ ò mọ nǹkan. Hay que ò ní ẹni kankan nínú, bíi ká ní "wọ́n máa ń gba nọ́ńbà níbí ni". Ohun tó wà lọ́rùn gbogbo ayé ni, ẹ̀yin náà wà lára gbogbo ayé, ẹ lọ gbà á. Hay yìí kì í yí padà fún ẹnì kankan, ẹ má wá èmi àti ìwọ níbẹ̀, àkókò nìkan ló ń mọ̀: había que, hubo que, habrá que, habría que. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nínú ilé tí àwọn èèyàn jọ ń gbé. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní fúláàtì á wọ kíṣíìnì, á wo síńkì, á ní "Hay que fregar los platos", á sì jáde lọ wo tẹlifíṣàn ẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wí o, àmọ́ ẹni tó jẹun àná mọ ara ẹ̀. Àwa náà máa ń ṣe é, "àwo wà nílẹ̀ o", kò ní pé kí ta ló fọ̀ ọ́. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà lè sọ pé "Hay que llegar a la hora", á máa wo ojú ẹni kan ṣoṣo tó pẹ́ dé, gbogbo èèyàn mọ ẹni tó ń bá wí. Torí náà ẹ má fojú kékeré wo hay que, kò dárúkọ ẹnì kankan lóòótọ́, síbẹ̀ ó máa ń bá ẹni tó ni ín.

Deber wá yàtọ̀. Deber ni wọ́n fi ń sọ gbèsè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó nínú ṣọ́ọ̀bù ní Spéìn, ẹ lè sọ pé "¿Qué le debo?", èló ni mo jẹ yín. "Me debes cincuenta euros", o jẹ mí ní 50 euro. Àti pé ní Spéìn, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún ọmọ léèwé, los deberes ni wọ́n ń pè é, àwọn tó wà ní Látìn Amẹ́ríkà ló sábà máa ń pè é ní tarea. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá sọ fún èèyàn pé "Debes llamar a tu madre", ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé ó jẹ ìyá ẹ̀ ní gbèsè, ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ lẹ fi kàn án, òbí ẹ̀ lẹ fi kàn án. "Tienes que llamar a tu madre" lè jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mẹta lónìí ni, ó kàn di dandan kó pè é padà. Ẹ ò rí i pé debes yẹn, tí ọ̀rọ̀ ìṣe ẹ̀ dúró síbí gan-an tí wọn ò tì í síbì kankan, ó lè wúwo ju tienes que lọ nígbà míì? Ìwé wa ló ń sọ fún wa pé deber fẹ́lẹ́ ju tener que lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ọmọ ọdún ogún bá ní "Usted debe descansar" fún bàbá àádọ́rin ọdún, bàbá yẹn lè wò ó pé ta ni ọmọ yìí tó ń kọ́ mi níwà.

Debe tún ní iṣẹ́ kejì, iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n sì ń ṣe àríyànjiyàn lé lórí. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹnì kankan ò dáhùn, àmọ́ iná wà nínú ilé. "Debe de estar en casa." Ó ní láti jẹ́ pé ó wà nílé. Kò sẹ́ni tó fipá mú u wà nílé, ẹ̀yin lẹ̀ ń rò ó. Real Academia Española, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ èdè Spánìṣì, tó ti wà láti 1713, ṣe é lófin báyìí pé deber de ni ti ìrò, deber tí kò ní "de" ni ti ọ̀ranyàn, àmọ́ wọ́n fàyè gba deber lásán fún ìrò náà. Ohun tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ lo deber de fún ọ̀ranyàn, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú lórí tẹlifíṣàn. Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ jẹ́ kó yé yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ẹ lo debe lásán, kò sí ìdánwò tó máa já yín torí ẹ̀. Bá a ṣe ń lo "ní láti" fún méjèèjì náà nìyẹn, mo ní láti lọ, ó ní láti jẹ́ pé ó ti lọ.

Wàyí o, ibi tí Yorùbá ti mọ́ tónítóní tí Spánìṣì sì rújú: òdì. Tiwa ya ara wọn sọ́tọ̀ pátápátá, "o ò gbọdọ̀ san án" yàtọ̀ sí "kò pọn dandan kóo san án", ọmọdé gan-an ò lè ṣì wọ́n gbọ́. Ní Spánìṣì, "no tienes que pagar" máa ń jẹ́ kò pọn dandan kóo sanwó. Ó dáa. Àmọ́ "no tienes que hablarle así a tu madre" kì í ṣe pé kò pọn dandan o, ohun tó ń sọ ni pé o ò gbọdọ̀ bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀ báyẹn. No hay que náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, "no hay que pagar" kò sówó níbẹ̀, "no hay que llorar" má sunkún mọ́. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó wà nílẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì yín gbọ́, ọ̀nà méjì tó mọ́ wà: "no tienes por qué pagar", kò sí ìdí tó o fi máa san án, àti "no debes pagar", kò yẹ kóo san án. No tienes por qué yìí wúlò gan-an, tí wọ́n bá fẹ́ fi ohun tí kò tọ́ sí yín kọ́ yín lọ́rùn, "No tengo por qué hacerlo", kò sí ohun tó kàn mí níbẹ̀, ẹnu wọn á sì pa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó ti kọjá, torí ibẹ̀ ni Spánìṣì ti gbọ́n jù. "Tuve que ir a Valencia" àti "Tenía que ir a Valencia". Gẹ̀ẹ́sì máa sọ méjèèjì pọ̀ ní "had to". Tuve que, ó di dandan, mo sì lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti dé. Tenía que, ó yẹ kí n lọ, ẹrù yẹn wà lórí mi, àmọ́ mi ò tíì sọ fún yín bóyá mo lọ àbí mi ò lọ, ẹni tó ń gbọ́ á sì ti máa retí "pero", ṣùgbọ́n. Torí náà tí ọ̀gá bá bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá lánàá, ẹ má sọ pé "tenía que llevar a mi hijo al hospital", torí ìyẹn ò tíì fi hàn pé ẹ gbé e lọ, ẹ sọ pé "tuve que llevarlo", ẹ ti gbé e lọ, ó tán. Tí dókítà bá sọ pé "hubo que operarlo", wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ lọ máa ronú bí ẹ ṣe máa rí i lọ́wọ́ọ̀dù. Àbámọ̀ náà ní tiẹ̀, "debería haberte llamado", "tendría que haberte llamado", ó yẹ kí n ti pè ẹ́, mi ò sì pè.

Debería ti mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí, òun ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní wọ́n máa ń ti ọ̀rọ̀ ìṣe sẹ́yìn. Ẹ mú debes, ẹ tì í dé deberías, ẹ ti bọ́ àṣẹ lára ẹ̀, ó ti di ìmọ̀ràn. Tienes que, ẹ tì í dé tendrías que. Hay que, habría que. Ọ̀nà kan náà ni fún gbogbo wọn. "Deberías descansar", ó yẹ kóo sinmi ni tèmi o. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó rọ̀ jù báyìí lọ, ẹ lo "yo que tú": "Yo que tú, iría al médico", tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa lọ rí dókítà. Fún àgbà, "yo que usted". Ẹ ò dárúkọ ojúṣe kankan rárá, ẹ kàn fi ara yín sípò ẹ̀ ni, ó sì kù sọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni mo rò pé ọmọ Yorùbá tó ń gba àgbà nímọ̀ràn ní Spánìṣì á fẹ́ràn jù.

Àmọ́ ẹ má lọ rò pé tienes que máa ń jẹ́ àṣẹ nígbà gbogbo. Lẹ́nu ọ̀rẹ́, "¡Tienes que probarlo!" ni wọ́n máa ń sọ nígbà tí oúnjẹ bá dùn, o gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò jàre, ìdùnnú nìyẹn. "Tienes que venir un día a casa", o ní láti wá sílé wa lọ́jọ́ kan, tí wọn ò bá dá ọjọ́ sí i, ẹ má lọ ra wáìnì sílẹ̀ o, ọ̀yàyà lásán ló sábà máa ń jẹ́. Ní Spéìn wọn ò tiẹ̀ bẹ̀rù àṣẹ láàárín ara wọn, èèyàn á dé bùkátẹ́ríà á ní "Ponme un café", bù mí ní kọfí, kò sí "jọ̀ọ́" níbẹ̀, ẹni tó ń tà ò sì rí i bí ìwọ̀sí. Ní Mẹ́síkò tàbí Kòlóḿbíà wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, "¿me regala un café?" ni ará Kòlóḿbíà máa sọ, ó dà bí ẹni pé ó ní kẹ́ ẹ fi kọfí ta òun lọ́rẹ, yóò sì sanwó ẹ̀. Ará Kòlóḿbíà náà máa ń lo toca dáadáa: "Toca madrugar", ó kàn wá, a máa jí ní ìdájí. "Me toca pagar a mí", èmi ló kàn láti sanwó. Ará Mẹ́síkò ní tiẹ̀ á wò yín tẹ́ ẹ dé láti ọ̀nà jíjìn, á ní "has de tener hambre", ebi á ti máa pa yín. Haber de yìí ti gbó ní ọ̀pọ̀ ibi, inú ìwé àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lẹ ti máa bá a pàdé, àmọ́ ní Mẹ́síkò ó ṣì wà láàyè.

Ó yá, subjuntivo. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dẹ́rù bà yín, ẹ ti ń lò ó láti kékeré. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí. Mo ní ó ń bọ̀. Mo ní kó máa bọ̀. Àkọ́kọ́, ìròyìn ni. Èkejì, àṣẹ ni tàbí ìmọ̀ràn. Kí ló yí i padà? "Kí" yẹn ni. Ní Spánìṣì: "Digo que viene", "Digo que venga". Ìròyìn, indicativo. Àṣẹ, subjuntivo. Ibi tí "kí" bá ti wọlé lẹ́nu yín ní Yorùbá, tí ẹni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó máa ṣe é bá jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀, ẹ sáré mú subjuntivo. Ó sàn kóo lọ, "es mejor que vayas". Mo gbà ẹ́ nímọ̀ràn kóo lọ, "te aconsejo que vayas". Ó pọn dandan kí wọ́n mọ̀, "es necesario que lo sepan". Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó, "quiero que se sienten". Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan tó tó èyí, ó sábà máa ń fi "to" pa á rẹ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń lọ́ra níbẹ̀. Ẹ̀yin ò yẹ kẹ́ ẹ lọ́ra. Kì í ṣe gbogbo "kí" ló bá a mu o, ó ní ibi tó ti yapa, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ dandan àti ìmọ̀ràn, mo fọkàn tán an. Àti pé ẹ ṣọ́ra fún "más vale que": "más vale que te calles", ó sàn kóo panu mọ́, ìhàlẹ̀ ló wà nínú ẹ̀ yẹn.

Ibì kan wà tí Yorùbá àti Spánìṣì ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó wọn jọ sí kíláàsì, Kúbà ni. Àwọn babaláwo ibẹ̀, Spánìṣì ni wọ́n fi ń túmọ̀ Ifá fún ẹni tó bá wá bi Ifá léèrè. Ẹ mọ bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń sọ ọ́, wọ́n ní kó káalẹ̀ ó jàre, ẹbọ ní ó ṣe. Ẹ fi sí Spánìṣì, "le dijeron que hiciera ebó", hiciera yìí subjuntivo ni, ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ni wọ́n ṣe fi sí ti àná. Ẹ ò rí i pé "kí" tiwa dé òkè òkun ó wọ aṣọ tuntun. Tí babaláwo bá ń bá ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀ sọ̀rọ̀, á ní "usted tiene que hacer ebó", tàbí kó kàn ní "hay que hacer ebó", tó bá jẹ́ pé gbogbo ilé lọ̀rọ̀ kàn. Èèwọ̀ náà, àṣẹ òdì ni wọ́n máa fi sọ ọ́, "no coma calabaza", ẹ má jẹ elégédé, bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún ọmọ Ọ̀ṣun níbẹ̀. Lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January ni wọ́n máa ń gbé Letra del Año jáde ní Havana, Ifá ọdún, pẹ̀lú òwe àti ìmọ̀ràn fún gbogbo ìlú, ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìmọ̀ràn ṣe ń rí nínú Spánìṣì tó ní ọ̀wọ̀ nínú, kó kà á.

Òwe sì rèé, òwe ni ìmọ̀ràn tí kì í dárúkọ dandan rárá. Àwa ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, kò sí "gbọ́dọ̀" níbẹ̀, "kì í" nìkan, àmọ́ àgbà tó bá gbọ́ ọ máa tún orí ọmọ ṣe. Wọ́n ní "en boca cerrada no entran moscas", ẹnu tó bá padé eṣinṣin ò wọ ibẹ̀, wọn ò ní kóo dákẹ́, ìwọ lo máa dákẹ́ fúnra ẹ. "Más vale prevenir que curar", ká dènà ẹ̀ sàn ju ká wò ó sàn lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, "donde fueres, haz lo que vieres", ibi tóo bá dé, ohun tóo bá rí ni kóo ṣe. Fueres àti vieres yẹn, subjuntivo ọjọ́ iwájú ni, ó ti kú lẹ́nu àwọn èèyàn, inú òwe àti inú ìwé òfin ló sá pamọ́ sí.

Òfin náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Bíbélì wa ní "ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn", ti Spánìṣì ní "no matarás", ìwọ kò ní pànìyàn, wọ́n kàn fi ọjọ́ iwájú sọ ọ́ bí ohun tí ò ní ṣẹlẹ̀ láé. Ìwé òfin Spéìn ti 1978 ń ṣe bákan náà, lábala 31 wọ́n ní "Todos contribuirán", gbogbo èèyàn máa dá sí owó ìlú, ìyẹn owó orí, kò sí debe kò sí tiene que níbẹ̀. Lábala 3 wọ́n wá lo deber gan-an, gbogbo ọmọ Spéìn ní "el deber de conocerla", ojúṣe láti mọ èdè náà, "y el derecho a usarla", àti ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú, DELE A2, ìyẹn ìdánwò èdè Spánìṣì, ni wọ́n máa bi yín, tener que àti hay que sì wà lára ohun tó máa ń jáde níbẹ̀, ẹ má fi ṣeré.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn kí n tó sọ̀kalẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ní landlord kan ò tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ṣe, òtútù ti dé, báwo lèèyàn ṣe máa bá a sọ ọ́ láìjà? Ẹ jẹ́ ká gòkè díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, "Habría que arreglar la calefacción", ẹ ò dárúkọ ẹ̀, ẹ tún tì í sẹ́yìn, kò sí bó ṣe fẹ́ bínú. Tọ́sẹ̀ bá kọjá, "Tendría usted que arreglar la calefacción", ẹ ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, àmọ́ ó ṣì rọ̀. Tó bá tún kọjá, "Tiene que arreglarla", kò sí rírọ̀ níbẹ̀ mọ́, òtútù ń pa wá. Tó bá wá ní kò kan òun, ẹ fi WhatsApp kọ ọ́ kó lè wà nílẹ̀, ẹ lo ọ̀rọ̀ òfin gan-an, torí òfin ilé ìyálò wọn ti 1994, lábala 21, ó ní onílé "está obligado a" tún ohun tó yẹ ṣe kí ilé lè ṣeé gbé, láìfi owó kún owó ilé nítorí ẹ̀. Está obligado a, wọ́n ti dè é mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti fi gbólóhùn yẹn ránṣẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ jọ̀ọ́ jọ̀ọ́ sí i mọ́, ẹ kàn kọ orúkọ yín sísàlẹ̀.